Ẹ̀gbà Bàbà Màmá Àgbà

Ní ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ ṣe Ọjọ́ Àṣà ní ilé ìwé wa, Màmá Àgbà ṣí àpótí wọn nílé wa ní Baṣọ̀run, wọ́n sì fún mi ní ẹ̀gbà ọwọ́ kan. Bàbà ni. Ìyá wọn ló fi í sílẹ̀ fún wọn. Ó ti dúdú, etí rẹ̀ sì ti ní àwọ̀ ewé. Mo sáré mú kàn-ìn-kàn-ìn onírin tí a fi ń fọ ìkòkò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha á.

Màmá Àgbà ké pé, "Ọmọ mi, rọra! Ìdọ̀tí ni kí o mú kúrò, má mú ilà rẹ̀ mọ́ ọn."

Ilà tí alágbẹ̀dẹ fín sí i ti fẹ́ parẹ́ níbi tí mo ha. Ojú tì mí. Wọ́n ní kí n la ọsàn wẹ́wẹ́ sí méjì, kí n bu iyọ̀ díẹ̀ lé e, kí n sì fi ra á jẹ́jẹ́. Kíkan ọsàn náà jẹ ìdọ̀tí kúrò, ẹ̀gbà sì pọ́n bí epo. Mo fi omi ṣàn án, mo nù ún gbẹ.

Nígbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ìtàn bàbà. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ hú àwọn orí àtijọ́ jáde. Idẹ ni ọ̀pọ̀ wọn, ṣùgbọ́n bàbà ni àwọn kan. Ọ̀nà jíjìn ni irú bàbà bẹ́ẹ̀ ti wá. Nígbà tí àwọn Potogí dé etíkun, wọ́n kó ẹ̀gbà tí à ń pè ní mànílà wá. Duarte Pacheco Pereira kọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1500 pé ẹ̀gbà idẹ 12 sí 15 ni wọ́n fi ń ra ẹrú kan ní agbègbè Bìní. Ọdún 1949 ni ìjọba amúnisìn fòpin sí níná mànílà ní Nàìjíríà.

Ẹ̀gbà tiwa kì í ṣe mànílà, ẹ̀ṣọ́ ni. Síbẹ̀, mo kà á lọ́kàn: ẹ̀gbà 12, ènìyàn kan.

Ní Ọjọ́ Àṣà, ọ̀rẹ́ mi bi mí pé kí ló ha ẹ̀gbà mi. Mo sọ òótọ́ fún un. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó dán ohun àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn àgbà léèrè. Ilà tó bá ti parẹ́ kò ṣeé dá padà.