Ilé Ìkóhun-Ìjà Tó Di Ilé Iṣẹ́ Ọnà ní Kyiv

Ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún ni ìjọba Rọ́ṣíà ayé àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé ìkóhun-ìjà ńlá kan sí Kyiv, èyí tó wá di Mystetskyi Arsenal, ilé tí wọ́n ti ń ṣàfihàn iṣẹ́ ọnà òde òní ní Ukraine. Àwòrán nìkan kọ́ ló ń fa èrò wá síbẹ̀, nítorí láti 2011 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún ìwé ọdọọdún níbẹ̀, níbi tí òǹkọ̀wé àti òǹkàwé ti ń jíròrò, tí àwọn ọmọdé náà sì ní ètò tiwọn. Ogun tí Rọ́ṣíà gbé ti Ukraine dá àjọ̀dún náà dúró ní 2022. Bí ó ṣe padà wáyé ní oṣù kẹfà 2023, nígbà tí ogun kò tíì parí, wúni lórí ju àfihàn èyíkéyìí lọ.