Odò Ọya àti Àwọn Afárá Rẹ̀

Ibi tí Odò Ọya ti ṣẹ̀ kò jìnnà sí òkun. Orí òkè ilẹ̀ Gíní ni, nǹkan bí 240 kìlómítà péré sí òkun Atlántíìkì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni odò náà kọ sí òkun. Ó gba ilẹ̀ Málì lọ títí dé etí aṣálẹ̀ Sàhárà nítòsí Timbuktu, kó tó ṣẹ́rí sí gúúsù, kó la ilẹ̀ Niger, kó wọ Nàìjíríà, kó sì pàdé Odò Bẹ́núé ní Lọ́kọ́ja. Ìrìn rẹ̀ tó nǹkan bí 4,180 kìlómítà. Odò Náílì àti Kóńgò nìkan ló gùn jù ú lọ ní Áfíríkà.

Ìṣẹ́rí yìí dààmú àwọn òyìnbó púpọ̀. Mungo Park dé etí odò náà ní Ségou lọ́dún 1796, ó rí i pé ìlà-oòrùn ló ń ṣàn lọ. Ó padà wá láti mọ òpin rẹ̀, omi Bussa ló sì kú sí lọ́dún 1806. Ọdún 1830 ni Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John tó fi ọkọ̀ ojú omi tọ̀ ọ́ dé òkun.

Ní tiwa, òrìṣà Ọya, aya Ṣàngó, ló ni odò náà. Ìtàn Ọ̀yọ́ sì sọ pé ọmọ ọba Tápà ni ìyá tó bí Ṣàngó. Àna ti ń ti òdìkejì odò wá tipẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó ronú afárá.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni odò náà máa ń kún lọ́dún ní apá òkè rẹ̀ ní Nàìjíríà. Òjò ìtòsí ló ń mú ìkún àkọ́kọ́ wá, omi rẹ̀ a sì rú fún ẹrẹ̀. Ìkejì jẹ́ òjò tó ti rọ̀ ní Gíní ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Irà ńlá Málì ti sẹ́ ẹ, nítorí náà ó mọ́ nígbà tó bá dé Kainji nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

Jẹ́bà ni ìtàn afárá ti dùn jù lójú tèmi. Ọdún 1909 ni ojú irin láti Èkó dé ibẹ̀. Omi dínà, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé ọkọ̀ rélùwéè sọdá. Gómìnà Lugard so Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀ lọ́dún 1914, ṣùgbọ́n ọdún 1916 ni wọ́n tó parí afárá irin náà, èyí tó fi erékùṣù àárín odò ṣe ibi ìsinmi ẹsẹ̀. Afárá yìí, mo gbà, ṣe ju ìwé Lugard lọ: òun ló jẹ́ kí ẹ̀pà Kánò máa bá ojú irin wá tààrà sí èbúté Èkó.

Ti Onitsha kò rí bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ Dumez ti Faransé parí afárá tó so ó mọ́ Asaba lọ́dún 1965. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, nígbà ogun abẹ́lé, àwọn ọmọ ogun Biafra gba orí rẹ̀ kọjá, wọ́n sì dé Ọ̀rẹ̀. Nígbà tí ọmọ ogun ìjọba lé wọn padà ní oṣù kẹwàá, wọ́n fọ́ afárá náà lẹ́yìn ara wọn. Ọ̀gágun Murtala Muhammed fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi kó ọmọ ogun ìjọba sọdá. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló bá omi lọ. Nígbà tó yá, Idah ló gbà sọdá, ó sì ti orí ilẹ̀ wọ Onitsha lọ́dún 1968.

Wọ́n tún afárá náà ṣe, òun nìkan ló sì ń gba èrò ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá ń lọ sílé ọdún Kérésì lè sun ojú ọ̀nà. Oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n ṣí èkejì, tí Julius Berger kọ́, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà kan ààbọ̀.

Lókè odò, Niamey ti ní afárá Kennedy láti ọdún 1970. Gao ní Málì dúró títí di ọdún 2006. Ní ti Timbuktu, ọkọ̀ ojú omi ló ṣì ń gbé mọ́tò sọdá ní Korioumé.