Orúkọ Ẹni ni Ìjánu Ẹni: Bí Òfin Ṣe Dé Orí Òkun Àríwá

Ọmọ apẹja ni mí. Etí òkun Ìlàjẹ ni wọ́n bí mi sí, àwọ̀n bàbá mi ni ó sì rán mi ní ilé-ìwé títí mo fi dé yunifásítì yìí. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé girama, bàbá mi yá owó, ó fi ra àwọ̀n tuntun. Kò tíì dẹ ẹ́ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ tí tírọ́là kan fi wọ́ ọ já ní òru ọjọ́ kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èyí tí a rí fà wọ inú ọkọ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá rẹ̀. Bàbá mi kó àkísà àwọ̀n náà lọ sí iwájú Bàálẹ̀. Bàálẹ̀ wò ó títí, ó mi orí, ó sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo:

"Kí ni orúkọ ọkọ̀ náà?"

Bàbá mi ní, "Bàbá, òkùnkùn ni. Iná rẹ̀ nìkan ni a rí."

Bàálẹ̀ ní, "Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, kí ni a ó fi fà á wá jẹ́jọ́?"

Ibẹ̀ ni ẹjọ́ náà parí sí. Ọdún méjì gbáko ni a fi san gbèsè àwọ̀n tí kò sí mọ́.

N kò gbàgbé ìbéèrè Bàálẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí ka ìwé ìtàn ní ibi yìí, mo wá rí i pé ìbéèrè kan náà ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kan jókòó lé lórí ní ohun tí ó ju ogóje ọdún lọ sẹ́yìn. Ìdáhùn tí wọ́n rí sí i ni mo fẹ́ ròyìn fún ẹ̀yin òǹkàwé, nítorí pé ó kan ilé wa ju bí a ti rò lọ.

Òkun Àríwá ni agbami tí ó wà láàrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọwọ́ kan, àti Nọ́wè, Dẹ́ńmáàkì, Jámánì, Hólàńdì àti Bẹ́ljíọ̀mù ní ọwọ́ kejì. Ẹja pọ̀ níbẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọjà bá kún jù, a máa ń tẹ ara ẹni lẹ́sẹ̀. Oríṣi apẹja méjì pàtàkì ni ó ń ṣiṣẹ́ lórí òkun yìí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún.

Àwọn kìíní ni ẹlẹ́ja ṣawa, irú ṣawa oníyìnyín tí àwọn ìyá wa ń tà ní ọjà lónìí. Ní ọ̀sán, ìsàlẹ̀ omi ni ẹja yìí máa ń wà. Bí ilẹ̀ bá ṣú, a gòkè wá sí ìtòsí ojú omi. Nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ẹlẹ́ja ṣawa máa ń ta àwọ̀n wọn. Wọn a so ọ̀kan mọ́ èkejì, a dúró nínú omi bí ògiri, títí gígùn rẹ̀ yóò fi ju máìlì kan lọ. Ọkọ̀ wọn a wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀, omi a sì máa rọra gbé ọkọ̀ àti àwọ̀n lọ pọ̀ títí di òwúrọ̀.

Àwọn kejì ni tírọ́là. Ìgbòkun ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ń lò ní ìgbà náà. Àwọn ń wọ́ àpò àwọ̀n ńlá lórí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun, igi gbọọrọ kan ni ó sì ń la ẹnu àpò náà sílẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: ẹnì kan ta ògiri sí ojú ọ̀nà, ẹnì kejì ń wọ́ ẹrù gba ojú ọ̀nà kan náà kọjá nínú òkùnkùn. Ìjà kò lè ṣe kí ó má wà.

Bí okùn tírọ́là bá há sínú àwọ̀n ẹlẹ́ja ṣawa, ẹni tí ó ní ojú àánú a dúró, a tú u. Ṣùgbọ́n ìtúpalẹ̀ yìí gba àkókò, àkókò sì ni owó apẹja. Àwọn kan wá dá ọgbọ́n burúkú. Wọ́n ní kí alágbẹ̀dẹ rọ irin kan bí ìdákọ̀ró kékeré, kí ó sì pọ́n inú apá rẹ̀ kí ó mú bí ọ̀bẹ. Wọn a so ó mọ́ okùn, wọn a jù ú sí omi, irin náà a sì máa gé àwọ̀n tí ó bá dí wọn lọ́nà bí ọkọ̀ ti ń lọ. Àwọn apẹja Gẹ̀ẹ́sì ń pe irin yìí ní Sàtánì Bẹ́ljíọ̀mù, nítorí pé àwọn tírọ́là ará Ostend ni wọ́n ń fi ẹ̀sùn rẹ̀ kàn jù lọ. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe di gbogbo ẹ̀bi ru ará Bẹ́ljíọ̀mù: àwọn tírọ́là Gẹ̀ẹ́sì náà ń ba àwọ̀n àwọn ará ilé wọn jẹ́.

Kí ló dé tí a kò mú àwọn ọ̀daràn wọ̀nyí? Ìdí kìíní ni pé agbára ìjọba kọ̀ọ̀kan lórí ọ̀ràn ẹja kò ju máìlì 3 sí etí omi rẹ̀ lọ. Bí ó bá ti kọjá ibẹ̀, ilẹ̀ aláìlọ́ba ni. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kò ní ẹ̀tọ́ láti dá apẹja Bẹ́ljíọ̀mù dúró, bẹ́ẹ̀ ni ti Bẹ́ljíọ̀mù kò lè dá ti Gẹ̀ẹ́sì dúró. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti bá ara wọn ṣe àdéhùn lórí ọ̀ràn ẹja láti 1839, ṣùgbọ́n àdéhùn ẹni méjì kò lè de ẹni kẹta. Ìdí kejì ni èyí tí Bàálẹ̀ wa sọ: òru ni, a kò mọ orúkọ.

Nígbà tí igbe àwọn apẹja Yarmouth àti Lowestoft pọ̀ jù, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán agbẹjọ́rò kan, W. H. Higgin, pé kí ó lọ gbọ́ ẹnu wọn. Ìròyìn tí ó mú wá jẹ́ kí ó hàn gbangba pé ìjọba kan ṣoṣo kò lè yanjú ọ̀ràn náà. Ní 1881 àwọn aṣojú péjọ sí Hague ní ilẹ̀ Hólàńdì. Ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún 1882, orílẹ̀-èdè mẹ́fà fọwọ́ sí ìwé: Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì, Hólàńdì, Bẹ́ljíọ̀mù àti Dẹ́ńmáàkì. Súwídìn àti Nọ́wè wà ní ìpàdé náà, ṣùgbọ́n wọn kò fọwọ́ sí i. Ní 1884 ni àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Mo ka àdéhùn yìí lẹ́ẹ̀kan, mo tún un kà. Ohun tí mo rò pé n ó bá níwájú ni ọkọ̀ ogun àti ìbọn. Ohun tí mo bá níwájú ni ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ọkọ̀ apẹja gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà nínú ìwé ìjọba. Lẹ́tà èbúté rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ iwájú rẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì, ní ọ̀dà funfun lórí dúdú. Fún ọkọ̀ tí ó bá tó tọ́ọ̀nù 15, gíga lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pa á rẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ fi nǹkan bò ó. Lẹ́tà àti nọ́ńbà kan náà gbọ́dọ̀ wà lára àwọn ohun èlò: lára ìdákọ̀ró, lára ohun tí ń mú àwọ̀n léfòó, àti lára àpò tírọ́là fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ kò ha rí Bàálẹ̀ wa níbẹ̀?

Lẹ́yìn orúkọ ni òfin tó tẹ̀ lé e. Bí tírọ́là bá rí àwọn ẹlẹ́ja ṣawa níbi iṣẹ́, òun ni kí ó yà fún wọn. Bí ìbàjẹ́ bá ṣẹlẹ̀, ọrùn tírọ́là ni ẹ̀bi wà, àfi bí ó bá lè fi ẹ̀rí hàn pé ohun tí ó ju agbára òun lọ ló fà á tàbí pé òun kò jẹ̀bi. Èyí wúwo púpọ̀ lójú mi, nítorí pé kì í ṣe ẹni tí àwọ̀n rẹ̀ ya ni yóò máa wá ẹlẹ́rìí kiri nínú òkùnkùn. Bí àwọ̀n méjì bá lọ́ mọ́ra, a kò gbọ́dọ̀ gé e láìjẹ́ pé àwọn olówó rẹ̀ méjèèjì gbà. Ní ti Sàtánì, àdéhùn náà kò dúró di ìgbà tí a bá rí i nínú omi. Ẹni tí a bá bá a nínú ọkọ̀ rẹ̀ lásán ti dẹ́ṣẹ̀.

Ta ni yóò wá ṣọ́ òkun? Gbogbo wọn ni. Ọkọ̀ ìjọba orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè dá apẹja orílẹ̀-èdè mìíràn dúró, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ ní èdè tirẹ̀, ilé ẹjọ́ ibòmíràn yóò sì gba ìwé náà wọlé. Bí ọ̀ràn náà bá le, ó lè mú ọkọ̀ náà lọ sí èbúté. Ṣùgbọ́n èbúté ta ni? Èbúté ìlú ọ̀daràn náà ni, ní iwájú adájọ́ ará ilé rẹ̀. Bí ọ̀ràn náà kò bá sì le, tí àwọn méjèèjì bá gbà, ọ̀gá ọkọ̀ ìjọba lè parí ìjà wọn lórí omi níbẹ̀, kí ó sọ iye tí ẹnì kan yóò san fún ẹnì kejì. Báyìí ni àwọn ìjọba tí kò fi ọkàn tán ara wọn ṣe rí ọ̀nà tí ẹnì kan kò fi tẹ orí fún ẹnì kejì, tí òfin sì fi dé ibi tí kò sí ọba.

N kò sọ pé gbogbo nǹkan dùn láti ọjọ́ náà. Ní oṣù kẹjọ 1887, àwọn apẹja Ostend kọlu àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wá tú ẹja sí èbúté wọn, àwọn ọmọ-ogun yìnbọn, ẹ̀mí sì ṣòfò. Òfin àwọ̀n kò lè bọ́ ẹni tí ebi ń pa. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọkọ̀ kan ń gbé ọtí kiri láàrin àwọn apẹja, àwọn ọmọ ọkọ̀ a sì máa fi ẹja àti àwọ̀n olówó wọn ṣe pàṣípààrọ̀ ọtí. Ó di dandan kí a ṣe àdéhùn mìíràn lórí èyí ní Hague ní 1887 kan náà. Síbẹ̀ àdéhùn 1882 pẹ́ láyé. Gẹ̀ẹ́sì kò jáde kúrò nínú rẹ̀ títí di 1964. Ní 1967 a ṣe òmíràn ní London fún gbogbo apá àríwá òkun Àtìláńtíìkì, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1976. Ní 1973, Amẹ́ríkà àti ìjọba Soviet, tí ń fi ojú ọ̀tá wo ara wọn, dá ìgbìmọ̀ méjì sílẹ̀, ọ̀kan ní Washington, ọ̀kan ní Moscow, kí apẹja tí ọkọ̀ èkejì bá ba ohun èlò rẹ̀ jẹ́ lè rí ibi gbé ẹ̀sùn rẹ̀ lọ. Ní 2018 ni FAO, àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ní àgbáyé, gba ìlànà wọlé lórí fífi àmì sára ohun èlò ìpẹja.

Nísinsìnyí mo padà sí ilé. Láti 1992 ni òfin ilẹ̀ wa ti sọ pé tírọ́là kò gbọ́dọ̀ pẹja láàrin máìlì òkun 5 sí etí omi. Àwọ̀n bàbá mi kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà òfin ti wà ní òru tí tírọ́là yẹn kọjá. Ohun tí kò sí ni orúkọ àti ẹlẹ́rìí. Kí n sì sọ òtítọ́ ilé wa: bàbá mi pàápàá kò fi àmì kankan sí àwọ̀n tirẹ̀. Bí a bá tilẹ̀ bá àwọ̀n náà lára tírọ́là ní èbúté, báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé tiwa ni?

Ní ìsinmi tó kọjá, mo jókòó ti bàbá mi, mo sọ ìtàn Òkun Àríwá fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó ní kí n bá òun wá ọ̀dà funfun. A kọ àmì sí ara ọkọ̀ wa, a sì kọ ọ́ sára gbogbo ohun tí ń mú àwọ̀n léfòó, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí a parí, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú òkun, ó ní: "A ti kọ tiwa. Ó ku tiwọn."