Odò Kan, Ìpínlẹ̀ Mẹ́ta

Omi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní Atlanta àti agbègbè rẹ̀ fi ń rokà, tí a fi ń wẹ ọmọ, inú odò Chattahoochee ni ó ti ń wá. Odò yìí kì í ṣe ti Georgia nìkan. Láti òkè àríwá ìpínlẹ̀ yìí ni ó ti ń ṣàn bọ̀, ó di ààlà àwa àti Alabama, òun àti odò Flint wá pàdé, wọ́n di Apalachicola, wọ́n sì gba Florida lọ sí òkun.

Nígbà tí àwọn ológun onímọ̀-ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ adágún Lanier gbèrò láti fi kún omi Atlanta, Alabama gbé wọn lọ sí kóòtù ní 1990. Ní 1997, ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe àdéhùn pé àwọn yóò jọ pín omi náà. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí di 2003, ó forí ṣánpọ́n. Ní 2013, Florida pe Georgia lẹ́jọ́ pé omi tí a ń fà ló pa oyster, ẹran inú ìkarahun tí àwọn ará Apalachicola ń kó tà. Ní 2021, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní Florida kò rí ẹ̀rí tó mú wá. A jàre. (A kò ní purọ́, inú tiwa náà dùn.) Ṣùgbọ́n láti ìparí 2020 ni Florida ti fòfin de kíkó oyster níbẹ̀ fún ọdún márùn-ún, àwọn apẹja kò rí nǹkan kan jẹ nínú ìdájọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ yìí mú wa rántí Odò Ọya. Ní 1964, orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án, Nàìjíríà pẹ̀lú wọn, dá àjọ kan sílẹ̀ lórí odò náà, púpọ̀ nínú wọn kò tíì gba òmìnira pé ọdún márùn-ún. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ńlá lórí odò náà yóò kọ́kọ́ fi tó àjọ létí. Ní 1980, wọ́n tún àjọ náà ṣe, ó sì wà títí di òní. Kì í ṣe pé ìjà tán níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní ibi tí wọ́n ti lè jọ jókòó.

Níhìn-ín, àwọn aráàlú ló kọ́kọ́ rí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ṣe. Ní 2009, àgbẹ̀, apẹja, àwọn tó ń pín omi ìlú àti àwọn olùdáàbòbò odò láti ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá ACF Stakeholders sílẹ̀. Wọ́n dáwó jọ, wọ́n pe àwọn onímọ̀ láti wọn omi náà, wọ́n sì pinnu pé ohun tí gbogbo wọn kò bá fohùn ṣọ̀kan lé lórí kò ní jáde. Ìwé ètò wọn jáde ní 2015. Kì í ṣe òfin, kò sì sí ìjọba tí ó di dandan fún láti tẹ̀ lé e. Florida àti Georgia ṣì wà ní kóòtù lọ́jọ́ tí ó jáde.