Ìsọjí àti Ìdàgbà Ìjọ Kristẹni ní Ìbàdàn Àtijọ́

Ìbàdàn tó yí Ọjà'ba ká, láti Mápó dé Bẹẹrẹ àti Beyerúnká, ìlú tí Mùsùlùmí ti pọ̀ jù ni. Mọ́ṣáláṣí Àgbà wà ní Ọjà'ba. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó pẹ́ jù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ní Kúdẹtì, Àrẹ̀mọ àti Ògùnpa. Síbẹ̀, ìlú yìí náà ló bí ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìsọjí tó lágbára jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá.

David Hinderer, ará Jámánì tí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS rán níṣẹ́, kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn ní 1851. Ní 1853 ó padà wá pẹ̀lú Anna ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ìjòyè Olúnlóyò fi àwọn ọmọ rẹ̀ sí i. Ọ̀kan nínú wọn ni Yéjídé, tí ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin kan ní Ìbàdàn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ ní 1860, ọ̀nà dí, ebi sì pa tọkọtaya náà débi pé wọ́n ń ta ẹrù ilé jẹun. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ ní 1869, Daniel Olúbí, ọmọ Abẹ́òkúta tó ti ń bá wọn gbé, ló gba àbójútó ìjọ.

Ìjọ náà kò pọ̀, kò sì yani lẹ́nu. Ìlú jagunjagun ni Ìbàdàn: ìyàwó àti ẹrú tó kún agboolé ni wọ́n fi ń mọ ẹni ńlá, CMS kì í sì í ṣe ìrìbọmi fún ọkùnrin oníyàwó púpọ̀. Mo gbà pé ìwé ni ìjọ Kúdẹtì àti Àrẹ̀mọ fi ṣe ìlú lóore ju iye ọmọ ìjọ lọ. Samuel Johnson, tó kọ The History of the Yorubas, dé Ìbàdàn ní 1858 nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì ṣe tíṣà àti katikísì ní Àrẹ̀mọ. Nínú irú ilé onígbàgbọ́ alákọ̀wé bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n bí Isaac Babalọlá Akínyẹlé sí ní 1882, ẹni tó kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn ní 1911. Alexander ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní 1913, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn. Àbúrò ní tirẹ̀ fi Áńgílíkà sílẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Òde ni ohun tó mú un fi ìjọ náà sílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn jà káyé ní 1918, J. B. Ṣàdáre àti àwọn kan nínú ìjọ St Saviour's kóra jọ láti máa gbàdúrà fún ìwòsàn. Lẹ́yìn náà ni ìwé ìròyìn ìjọ Faith Tabernacle ti Philadelphia tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, wọ́n sì gba orúkọ ìjọ náà láì rí ojú ẹni tó ń kọ ọ́. Akínyẹlé ló ṣe aṣáájú wọn ní Ìbàdàn. Ẹ̀kọ́ wọn le: onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ lo oògùn, ì báà jẹ́ ti òyìnbó, ì báà jẹ́ àgbo.

Ní oṣù Keje 1930 iná ìsọjí àwọn aládùúrà yìí ràn ní Òkè-Ooye, Iléṣà, nígbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ti ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì fún ìjọba tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù. Èrò ń rọ́ wá pẹ̀lú ìgò àti kèrègbè omi fún àdúrà. Ohun tó ń kó èrò jọ kò ṣòroó mọ̀. Àwọn aládùúrà kò dẹ ọwọ́ òfin. Wọ́n tilẹ̀ ní kí ènìyàn jó ère àti oògùn rẹ̀ níná. Ṣùgbọ́n wọ́n dáhùn ìbéèrè tí ènìyàn ń gbé lọ bá babaláwo: àìsàn, àgàn, àbíkú, ẹ̀rù àjẹ́. Ìjọ àwọn òyìnbó ti pe nǹkan wọ̀nyí ní ìgbàgbọ́ asán, wọ́n sì kọjá lọ.

Àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Apostolic dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1931 láti ran àwọn aládùúrà lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí àríyànjiyàn bẹ́: àwọn òyìnbó ń lo kuiníìnì sí ibà, àwọn Yorùbá tó kọ oògùn kò sì lè gbà á. Èyí wà lára ohun tó pín wọn níyà. Ní 1943 àwọn aládùúrà forúkọ ìjọ tiwọn, Christ Apostolic Church (CAC), sílẹ̀, Akínyẹlé sì ni ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 1955 ó jẹ Olúbàdàn, ó sì wà lórí oyè títí ó fi wàjà ní 1964. Olórí ìjọ tó kọ oògùn jọba lórí ìlú tó kún fún Mùsùlùmí àti oníṣègùn, ìlú kò sì dàrú.

Ìsọjí kejì kò gba Mápó kọjá. Yunifásítì Ìbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970, láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi èdè tuntun gbàdúrà. W. F. Kumuyi, tó ti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò jáde níbẹ̀ ní 1967, bẹ̀rẹ̀ ìjọ Deeper Life ní Èkó ní 1973. Ìjọ Redeemed ní tirẹ̀ ní kí ẹ̀ka ìjọ wà níbi tí ẹsẹ̀ lè rìn dé ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Kì í ṣe gbogbo èrò tó kún inú àwọn ìjọ wọ̀nyí ló jẹ́ ẹni tuntun: ọ̀pọ̀ ló bọ́ láti Áńgílíkà sí CAC, láti CAC sí ìjọ àwọn ọ̀dọ́.

Ìdàgbà yìí kò mọ sí Ìbàdàn: Pew Research Center ṣírò pé ní 2020 nǹkan bí 31% nínú Kristẹni ayé ló ń gbé ní ìhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, tí Yúróòpù sì ní 22%. Àwọn ọmọ Yorùbá ti dá ìjọ ńlá sílẹ̀ ní London, kódà ní Kyiv.

Ní àárín ìlú àtijọ́, ìsọjí yìí ti ran ẹni tí kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì. NASFAT, tí àwọn Mùsùlùmí dá sílẹ̀ ní 1995, fi àárọ̀ Sunday ṣe àsàlátù, wọ́n sì ń ṣe àdúrà òru. Ní agboolé tí ẹ̀gbọ́n ti jẹ́ àlùfáà Mùsùlùmí tí àbúrò sì jẹ́ wòlíì, àwọn méjèèjì lè jọ jáde nílé láàárọ̀ Sunday, kálukú sí ibi àdúrà tirẹ̀.