Irin Tó Ń Ṣẹ́ni Lápá: Ìtàn Kíkì Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́

Ọ̀rẹ́ mi kan ra Volkswagen àtijọ́, irú èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí ìjàpá, ó sì ní kí n wá bá òun so wáyà mọ́ kíkì tuntun tí òun rà fún un. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni, ṣùgbọ́n ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pa ìtàn náà kí n tó padà sórí wáyà.

Orúkọ tí àwọn baba wa fún ọkọ̀ yìí a máa pa mí lẹ́rìn-ín. Ayọ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n pè é, bẹ́ẹ̀ kò sí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kankan nínú bí ó ṣe ń gbéra nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ jáde yóò dúró níwájú ọkọ̀, yóò ki irin kan tó tẹ̀ bọ inú ẹ́ńjìnnì, yóò sì fi gbogbo agbára yí i títí ẹ́ńjìnnì yóò fi dáhùn. Bí iná bá ràn ṣáájú àkókò, ẹ́ńjìnnì a ta padà, irin náà a sì gbá onítọ̀hún lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ṣẹ́ lọ́rùn ọwọ́ báyìí. Ìdí nìyí tí àwọn awakọ̀ àgbà fi máa ń kìlọ̀ fún ọmọ iṣẹ́ pé kí ó má ṣe fi àtàǹpàkò kọ́ irin náà, kí ó kó o pọ̀ mọ́ àwọn ìka yòókù, kí irin lè já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá ta padà.

Henry Leland ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Cadillac ní Detroit, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n máa ń sọ pé ikú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Byron Carter, tí òun náà ń ṣe ọkọ̀, ló mú un búra pé irin yìí kò ní pa ẹlòmíràn mọ́. Carter kú ní 1908 lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn òpìtàn ń jiyàn lórí bóyá irin ló fa ikú náà. Èyí tó dájú ni pé Leland gbé ọ̀ràn náà lọ bá Charles Kettering ní Dayton, ìpínlẹ̀ Ohio.

Àwọn ọ̀mọ̀ràn ìgbà náà ti ní kò ṣeé ṣe. Wọ́n ní mọ́tò oníná tó lè yí ẹ́ńjìnnì yóò tóbi tó ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Kettering kò gbà. Ó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìgbowó àwọn ọlọ́jà, ó sì ti fi mọ́tò oníná kékeré sí i níbẹ̀. Ẹ wo alábàárù inú ọjà: ẹrù tí ó gbé láti ìsọ̀ dé ẹ̀bá títì, kò lè gbé e láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni mọ́tò kékeré. Ó lè ṣe iṣẹ́ tó ju agbára rẹ̀ lọ, bí iṣẹ́ náà kò bá ti ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, tó sì rí àyè tutù lẹ́yìn rẹ̀. Èrò kan yìí ló tú gbogbo kókó náà. Ní oṣù Kejì 1911, ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ nínú Cadillac kan; àwọn ọkọ̀ 1912 sì gbé e jáde fún títà. Nígbà tó di 1919, Ford Model T pàápàá ti ń ní i.

Àwọn kan jèrè, àwọn kan sì pàdánù. Nígbà náà, ọkọ̀ oníbátìrì wà nígboro, pàápàá lọ́wọ́ àwọn obìnrin tí kò fẹ́ bá irin jà. Lójú tèmi, kíkì wà lára ohun tó lé ọkọ̀ oníbátìrì kúrò lójú títì fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní tiwa, ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ìjàpá pọ̀ ní Èkó, lójú ọ̀nà Bàdágìrì. Láti Brazil ni wọ́n ti ń kó ẹ̀yà ara àbúrò rẹ̀ tí a ń pè ní Igala wá. Orúkọ náà, kíkì, mo gbà pé ara alùpùpù tí a ń fi ẹsẹ̀ ta ló ti wá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí wáyà. Abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni bátìrì ìjàpá wà. Ẹ kọ́kọ́ tú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ara ọkọ̀, nítorí wáyà ńlá tó lọ sídìí kíkì kò ní fíùsì kankan, iná sì wà nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Sípánà kan tó bá fara kan án àti ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iná ló máa sọ. Wáyà ńlá yìí ń lọ sí ibi tí wọ́n kọ 30 sí. Wáyà tín-ín-rín tó ti ibi kọ́kọ́rọ́ wá ń lọ sí 50. Ẹ má ṣe gbàgbé bọ́ọ̀ṣì kékeré inú gíábọ́ọ̀sì tó gba orí kíkì dúró. Bó bá ti jẹ, kíkì tuntun yóò máa fà bí arúgbó. Ẹ tún rí i dájú pé kíkì bá ọkọ̀ mu, torí àwọn ìjàpá àtijọ́ ń lo folíìtì 6, eyín 109 ló sì wà lára kẹ̀kẹ́ irin ẹ́ńjìnnì wọn. Àwọn tó ń lo folíìtì 12 tó dé ní nǹkan bí 1967 ní 130.

A parí, ọkọ̀ jí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wà á yíká àdúgbò, tí gbogbo rẹ̀ gbóná, ó kàn ń dún "tá" ni. Àrùn àtijọ́ ìjàpá ni èyí. Iná tó ń lọ sí 50 ti kọ́kọ́ rìn dé iwájú ọkọ̀, ó gba ibi kọ́kọ́rọ́ kọjá, ó tún padà sẹ́yìn. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó débẹ̀. Ríwáyà kan ní àdúgbò wá fi rílè sí ẹ̀gbẹ́ kíkì. Wáyà ibi kọ́kọ́rọ́ wá ń jí rílè nìkan, 86 ló so ó mọ́, ó sì so 85 mọ́ ara ọkọ̀. Láti 30 kíkì ni iná gidi ti ń wọ rílè, ó fi fíùsì sí i, ó sì ń gba 87 jáde lọ sí 50. Ọ̀nà náà kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ mọ́. Ọ̀rẹ́ mi tún wà á títí ó fi gbóná, ó pa á, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan.