Láti Àwòrán dé Ìró: Ìtàn Àyẹ̀wò Ọpọlọ Àwọn Ọmọ Fòníkú-Fọ̀ladìde

Àgbàlagbà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ àrùn rọpárọsẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń ṣe ọmọdé pẹ̀lú, pàápàá ọmọ tí ó ní àrùn ẹ̀jẹ̀ tí Yorùbá ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ní ọdún 1998, Kwaku Ohene-Frempong, oníṣègùn ọmọ Ghana, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà pé nínú 100 irú ọmọ bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 11 ni rọpárọsẹ̀ ń kọlù kí wọ́n tó pé ọmọ 20 ọdún. Ẹ̀jẹ̀ wọn a máa tẹ̀ bí dòjé, iṣan tí ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ a sì máa fún díẹ̀díẹ̀. Báwo ni àwọn oníṣègùn ṣe wá mọ ewu yìí kí ó tó dé?

Àwòrán ni wọ́n kọ́kọ́ gbára lé. Ní ọdún 1971, wọ́n fi ẹ̀rọ CT tí Godfrey Hounsfield ṣe ya ọpọlọ aláìsàn kan ní London. Ní ọdún 1973, Paul Lauterbur fi ọ̀nà àtiya àwòrán pẹ̀lú agbára òòfà hàn. Láti ibẹ̀ ni ẹ̀rọ MRI ti jáde. MRI ni ó tú àṣírí àpá kéékèèké nínú ọpọlọ ọmọ tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n tí ẹ̀kọ́ ń ṣòro fún. Síbẹ̀, ohun tí ó ti bàjẹ́ ni àpá ń fi hàn.

Ìró ni ó yí ọ̀ràn padà. Ní ọdún 1982, Rune Aaslid fi ìró tí etí kò lè gbọ́ wọn ìyára ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ láti ẹ̀bátí. Robert Adams ní Augusta, ìpínlẹ̀ Georgia, rí i pé bí iṣan bá ti ń fún ni ẹ̀jẹ̀ ń sáré sí i. Nínú ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 1998, wọ́n yan 130 ọmọ tí ìyára ẹ̀jẹ̀ wọn tó 200 sẹ̀ǹtímítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú àwọn 63 tí wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára déédéé, ẹnì kan ni rọpárọsẹ̀ mú. Nínú àwọn 67 yòókù, 11 ni.

Nàìjíríà ni wọ́n ti ń bí ọmọ fòníkú-fọ̀ladìde jù lọ láyé, ẹ̀jẹ̀ àfisílé kò sì tó. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn ní Kano àti Kaduna fi fi ẹ̀rọ ìró yìí wá 220 ọmọ tí ewu ń bẹ lórí wọn, tí wọ́n sì fún wọn ní oògùn hydroxyurea. Èsì tí ó jáde ní ọdún 2022 fi hàn pé ìwọ̀n kékeré, mílígíráàmù 10 fún kílò ara kan lóòjọ́, kò yàtọ̀ sí ìlọ́po rẹ̀ méjì ní ti dídènà rọpárọsẹ̀.

Iṣẹ́ kù fún àwa olùkọ́ èdè. Orúkọ tí àwọn baba wa sọ àrùn yìí mọ ìrora tí ń lọ tí ń bọ̀. Ọpọlọ tí ó bá kú lónìí kì í dìde lọ́la. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ta ni yóò ṣàlàyé fún ìyá, ní Haúsá, Ígbò tàbí Yorùbá, pé ọmọ rẹ̀ tí ń sáré kiri lágbàlá nílò àyẹ̀wò?